Kí ló ń gbé ọ̀dọ́ láti ìdí wáàsí kan dé òmíràn?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, bí oṣù Ràmàdáánì bá ti wọlé ní ilẹ̀ Yorùbá, ìrìn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí wọ́n bá ti kí ìrun Àlààsárì tán, àwọn ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìdí tafsīr kan bọ́ sí òmíràn. Ní Ìlọrin, ìlú tí òkìkí tafsīr Ràmàdáánì rẹ̀ kàn káàkiri, ẹni tó bá mọ ọ̀nà àbùjá dáadáa lè gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ààfáà kan, kó sì tún bá ti ẹlòmíràn kí oòrùn tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìbàdàn, Ìwó, Abẹ́òkúta àti Èkó. Lẹ́yìn ìrun Àsámù, wáàsí alẹ́ tún ń bẹ. Èyí tí ẹsẹ̀ kò bá gbé wọn dé, wọ́n á wò ó lórí Facebook. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó jókòó síwájú ààfáà kan, tó ki ìyapíìsì bọ etí, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ààfáà mìíràn ló ń gbọ́.

Àwọn àgbà ń wo ìrìn yìí, inú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i. Ohun tí wọ́n máa ń sọ kò yàtọ̀ láti mọ́sálásí kan sí òmíràn: "Ṣé nítorí Ọlọ́hun ni wọ́n fi ń wá ni? Oúnjẹ ìṣínu ni wọ́n bá wá." Àwọn mìíràn á ní ọmọge ni wọ́n ń wò, tàbí ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń pín fún ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè, tàbí fọ́tò tí wọ́n fẹ́ yà pẹ̀lú ààfáà tó lókìkí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju irọ́ inú rẹ̀ lọ. Oúnjẹ ń fà wọ́n, ẹ̀bùn ń fà wọ́n, ọ̀rẹ́ ń fà wọ́n. Ohun tí n kò gbà ni pé ó yẹ ká máa fi ṣe ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn. Ìbéèrè tó ká mi lára ju ohun tó gbé wọn wá lọ ni ohun tí wọ́n bá nígbà tí wọ́n dé.

Ẹ wo hádíìsì kan tí Abu Hurayra gbà wá, tó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ fún wa pé àwọn málááíkà kan ń bẹ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rìn káàkiri ojú ọ̀nà, tí wọ́n ń wá ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ìrántí Ọlọ́hun. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀kan, wọ́n á ké sí ara wọn, wọ́n á fi ìyẹ́ bo àwọn ará ibẹ̀ títí dé sánmọ̀. Nígbà tí wọ́n bá jíṣẹ́ fún Ọlọ́hun, tí Ó sì ti fi wọ́n jẹ́rìí pé Òun ti foríji àwọn èèyàn náà, ọ̀kan nínú àwọn málááíkà náà á sọ pé lágbájá wà láàárín wọn tí kì í ṣe ara wọn, nǹkan mìíràn ló bá wá. Kí ni Ọlọ́hun fi dá a lóhùn? Pé àwọn wọ̀nyẹn ni ìjọ tí ẹni tó bá bá wọn jókòó kì í di olórí burúkú.

Ẹ tún un gbọ́. Málááíkà ló fẹjọ́ sùn, òótọ́ sì ni ẹjọ́ tó fi sùn. Ọlọ́hun kò sọ pé irọ́ ni. Ó gbà á wọlé pẹ̀lú nǹkan tó bá wá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí níwájú Ọba tó mọ inú gbogbo ọkàn, kí wá ni ti bàbá kan tó dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí tó ń ka àwọn ọmọ tó wá nítorí àkàrà?

Ẹnìkan á dìde, á ní: "Ààfáà, ẹ ti gbàgbé hádíìsì àníyàn." N kò gbàgbé. Òun ni ó ṣáájú nínú tírà Bukhari, láti ẹnu Umar, pé àníyàn ni a ó fi wọn gbogbo iṣẹ́. Hádíìsì mìíràn sì wà nínú Abu Dawud tó kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó kọ́ ìmọ̀ tó yẹ kó kọ́ nítorí Ọlọ́hun, tó wá jẹ́ pé nǹkan ayé nìkan ló ń fi wá. Ṣùgbọ́n ojú tí mo fi wò ó ni pé ẹni tó fi ìmọ̀ ṣòwò ni ìkìlọ̀ yẹn bá wí, kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì mọ ohunkóhun, tí ebi ìṣínu gbé wọ inú ọgbà mọ́sálásí. Àníyàn kì í sì í ṣe òkúta. Ó ń yí padà. A rí nínú àwọn onímọ̀ ìṣáájú tó jẹ́wọ́ pé nǹkan mìíràn ni àwọn fi wá ìmọ̀ níbẹ̀rẹ̀, àfi ìgbà tí ìmọ̀ náà kọ̀ jálẹ̀ pé ti Ọlọ́hun ni òun yóò jẹ́.

Ànábì fúnra rẹ̀ fi ẹ̀bùn fa èèyàn mọ́ra. Lẹ́yìn ogun Hunayn, ní ọdún 8 lẹ́yìn Híjírà, ó fún Safwan ọmọ Umayya ní ọgọ́rùn-ún ẹran ọ̀sìn, ó tún fún un ní ọgọ́rùn-ún, ó tún fún un ní ọgọ́rùn-ún mìíràn. Safwan kò tíì gba ẹ̀sìn nígbà tí ó bá wọn jáde lọ sí ogun yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn lẹ́yìn ọ̀la pé kò sí ẹni tí òun kórìíra tó Ànábì tẹ́lẹ̀, pé ó fún òun, ó fún òun, títí ó fi di ẹni tí òun fẹ́ràn jù lọ. Anas, tó sìn ín fún ọdún mẹ́wàá, ní òun rí àwọn tí ohun ayé nìkan gbé wọ inú Islām, tí kò sì pẹ́ tí Islām fi dùn mọ́ wọn ju ilé ayé àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ọlọ́hun pàápàá ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú sàká fún àwọn tí a fẹ́ fa ọkàn wọn mọ́ra, ó wà nínú Sūratu Tawbah, āyah 60.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ṣètò wáàsí, ẹ má ṣe tijú àtifún wọn lóúnjẹ. Ẹ pín hìjáábù, ẹ pín tírà, ẹ pín búrẹ́dì àti omi ọ̀rá. Ibi kan ṣoṣo ló wà tí mo fẹ́ kí ẹ ti dúró. Bí ẹ bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn, tí ẹ wá ń fa orúkọ jáde pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sí i ni yóò gba ọ̀kadà tàbí ìjókòó Hájì kan, tí àwọn yòókù yóò sì pàdánù owó wọn, ẹ ti wọ agbami. Tẹ́tẹ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ tilẹ̀ ka Bismillāhi kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú igbá. Āyah 90 nínú Sūratu Mā'idah kò fi àyè sílẹ̀ fún un, kò sì yọ jàmáà tó fẹ́ kọ́ mọ́sálásí sílẹ̀. Ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni kò fi owó tirẹ̀ dù ni mo ń sọ.

Ó ti tó ibi tí mo ń lọ wàyí. A kì í ṣe ìran àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́ rẹ̀ ń rìn káàkiri nínú Ràmàdáánì. Àwọn tó ń bínú sí àwọn ọmọ òní, kí wọ́n rántí wéré. Ní Èkó àti Ìbàdàn, láyé àwọn bàbá wa, àwọn ọ̀dọ́ máa ń kó ara wọn jọ, wọ́n á máa lù, wọ́n á máa kọrin láti agboolé dé agboolé lóru, kí àwọn èèyàn lè jí sí oúnjẹ sàárì. Ajísàrì ni àwọn mìíràn ń pè é. Kò pẹ́ tó fi di ìdíje. Ẹgbẹ́ kan ń bá ẹgbẹ́ kejì du ife ẹ̀yẹ, èrò ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister ti dàgbà, láti kékeré ló ti ń ṣe é, inú rẹ̀ náà sì ni orin fújì ti jáde wá.

Kí ló ń fa àwọn ọmọ ìgbà náà? Ìlù ni, ife ẹ̀yẹ ni, ọ̀rẹ́ ni, àti kí ìlú lè dá wọn mọ̀. Kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ohun tó ń fa àwọn tòní. Ọ̀pọ̀ ààfáà kò fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi lòdì sí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń rò ó, ohun tó máa ń dùn mí kì í ṣe pé àwọn ọmọ yẹn lu ìlù. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo èrò yẹn ti jí, Ọlọ́hun ti gbé wọn jáde nínú oorun ní wákàtí tí àdúà ń gbà jù, a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún onílù. Onílù mọ orúkọ wọn. Onílù mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ dára, ó mọ ẹni tí kò wá lánàá. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú mọ́sálásí?

Ẹ bá mi wo bí a ṣe ń ṣètò wáàsí wa báyìí. Àga onírọ̀rí wà níwájú, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀, àwọn olówó àti olóyè ni yóò jókòó síbẹ̀. Bí wáàsí bá jẹ́ wákàtí méjì, ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ni a ó fi dárúkọ àwọn tó fi owó sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà lẹ́yìn, lábẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń dí wọn létí, àwọn ọmọbìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi tí wọn kò ti rí ojú ààfáà, tí wọn kò sì ní ọ̀nà àtibéèrè. Bí oúnjẹ bá tán, wọ́n á lọ. Àwa náà á ní: "Ẹ ò rí i? Oúnjẹ ni wọ́n bá wá."

Abu Waqid al-Laythi ròyìn pé Ànábì jókòó nínú mọ́sálásí pẹ̀lú àwọn èèyàn, ni àwọn mẹ́ta bá yọ. Ẹnìkan padà sẹ́yìn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnì kejì rí àlàfo nínú àgbo náà, ó wọ̀ ọ́, ó jókòó. Ẹ̀kẹta tijú, ó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí Ànábì parí, ó sọ ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ẹni tó wọ inú àlàfo sá sọ́dọ̀ Ọlọ́hun, Ọlọ́hun sì gbà á. Ẹni tó tijú, Ọlọ́hun náà fojú ìtìjú wò ó. Ẹni tó yí ẹ̀yìn padà, Ọlọ́hun yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ààfáà máa ń fi hádíìsì yìí bá ẹni tó padà sẹ́yìn wí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi máa ń rò ni àlàfo yẹn. Àlàfo wà. Ẹni tó ń bọ̀ rí ibi tí yóò jókòó sí, láàárín àwọn èèyàn gan-an. Ojú Ànábì sì tó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan ẹni tó lọ.

Obìnrin kan wà tó máa ń gbá mọ́sálásí Ànábì. Àwọn sàhábé kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí nǹkan ńlá. Ó kú, wọ́n sin ín, wọn kò sì sọ. Ànábì ló béèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó bá wọn wí pé kí ló dé tí wọn kò fi tó òun létí, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó lọ síbẹ̀, ó kírun sí i lára. Kò sí ẹ̀bùn tó lè fa èèyàn tó èyí, pé bí o kò bá wá, ẹnìkan yóò béèrè rẹ. Ọmọ tó gbọ́ tafsīr mẹ́sàn-án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Ràmàdáánì kan, tí kò sì sí ààfáà kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó mọ orúkọ rẹ̀, kí la fẹ́ kó padà wá ṣe nínú oṣù Ṣáwáálù?

Nípa ti àwọn ọmọbìnrin, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ìgbà Ànábì, àwọn obìnrin fúnra wọn ló wá sọ pé àwọn ọkùnrin ti gba gbogbo àkókò rẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́, kí ó dá ọjọ́ tiwọn sọ́tọ̀. Ó dá a fún wọn, ó sì wáàsí fún wọn ní ọjọ́ náà. Wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún oúnjẹ, ọjọ́ ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún. Jàmáà tí kò bá lè dá ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú ọ̀sẹ̀, kí ó má sọ fún wa pé eré ni wọ́n fẹ́ràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ fúnra yín, nítorí kì í ṣe àgbà nìkan ni mo fẹ́ bá wí. Rírìn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn kì í ṣe ohun àbùkù, iṣẹ́ àwọn ẹni ńlá ni. Ànábì Musa, tí Ọlọ́hun bá sọ̀rọ̀, gbéra ó ní òun kò ní sinmi títí òun yóò fi dé ibi tí òkun méjì ti pàdé, kí ó lè kọ́ nǹkan lọ́wọ́ Khidr. Jabir ọmọ Abdullah ra ràkúnmí, ó di gàárì sí i, ó rin ìrìn oṣù kan gbáko lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù nítorí hádíìsì kan ṣoṣo tó gbọ́ pé ó wà lọ́wọ́ Abdullah ọmọ Unays. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n sọ pé Jabir ti dé. Ọ̀rọ̀ tó ti inú ilé jáde ni: ṣé ọmọ Abdullah? Ó sáré jáde, ó dì mọ́ ọn. Jabir sọ fún un pé ẹ̀rù ló ba òun pé kí òun tàbí òun náà má lọ kú kí òun tó gbọ́ ọ.

Ẹ rí i pé Jabir mọ ohun tó ń wá kó tó kúrò nílé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú yín nìyẹn. Ẹ̀yin ń lọ láti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ jù, ẹni tó ṣẹ̀fẹ̀ jù, ẹni tó bú ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà. Ẹ ń kó ohùn wọn sínú fóònù bí ẹni ń kó owó ẹyọ jọ. Bi ara rẹ kí o tó gbéra lọ́jọ́ òní: kí ni mo fẹ́ mọ̀ tí n kò mọ̀? Bí o kò bá tíì lè ka Fātiha kó já gaara, tafsīr mẹ́ta lóòjọ́ kò lè ṣe é fún ọ. Ààfáà ilé kéwú kan tó wà ládùúgbò rẹ, tí kò lókìkí, tí kò ní kámẹ́rà, ló lè ṣe é, tí o bá jókòó tì í fún oṣù mẹ́fà.

Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori náà rìn. Wọ́n bí i ní ọdún 1917 ní Wasa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ó sì kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ ju olùkọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ó jókòó náà. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, àwọn ọmọ sì ń ti ìlú oríṣiríṣi wá bá a níbẹ̀. Wọn kò wá gbọ́ ọ kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n gbé ẹní wá.

Ẹ̀yin olórí jàmáà, bí a bá tún wọ Ràmàdáánì tó ń bọ̀ bí Ọlọ́hun ṣe fẹ́, ẹ ra ìwé nlá kan, kí ẹ fún ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Kí wọ́n dúró síbi tí ẹ ti ń pín oúnjẹ. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan, àdúgbò rẹ̀, àti ohun kan tó fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Kí wọ́n fún un ní oúnjẹ rẹ̀ kó gbóná. Ní ọjọ́ kejì, kí ààfáà mú ìbéèrè mẹ́ta nínú ìwé náà, kí ó dáhùn wọn ṣáájú kí ó tó ṣí tafsīr. Nígbà tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá sì kọjá ní ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì ṣí ìwé náà, kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.